Bẹ́ ẹ ṣe máa fi omi mú kọ̀ǹpútà yín tutù l'Ékòó láì ta ilẹ̀ bàbá yín

Yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, fèrèsé ọ̀hún ló sì dojú kọ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, torí náà ẹ ti mọ bó ṣe máa ń rí tí oòrùn bá mú. Tí mo bá ń rẹ́ńdà fídíò lọ́sàn-án, kọ̀ǹpútà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, débi pé oníbàárà kan tá a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù bi mí pé ṣé inú ọjà ni mo wà ni. Mo wo ìwọ̀n ooru ẹ̀, CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ti ń bá 95 dígírì ṣeré. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ omi ti bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù fún yín. L'Ékòó níbí, nǹkan tó máa dá iṣẹ́ yín dúró kì í sábà tóbi. Fítìn kan báyìí, ìyẹn ẹnu irin tó ń so họ́ọ̀sì mọ́ nǹkan, tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, tẹ́ ẹ gbàgbé láti kọ sílẹ̀, òun ló máa jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yín wà ní títú palẹ̀ lórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta torí Ṣáínà lẹ máa ti ránṣẹ́ mú òmíì wá. Ẹ lọ sí Ọ̀tígbà, ní Computer Village, Ìkẹjà, kẹ́ ẹ béèrè nǹkan omi kọ̀ǹpútà, AIO, ìyẹn èyí tí wọ́n ti to omi, pọ́ńpù àti rédíétọ̀ ẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì dì pa látilé iṣẹ́, ni wọ́n máa gbé síwájú yín, wọ́n á sì búra pé òun náà lẹ ń wá. Ẹ lè fi orí ire rí bílọ́ọ̀kù tòkunbọ̀ kan níbì kan, ìyẹn irin tó máa ń jókòó lórí CPU tí omi ń gba inú ẹ̀ kọjá, àmọ́ ẹ má fi ìyẹn ṣètò. Bébà, bírò àti téèpù télọ̀ ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́, mi ò ṣàwàdà.

Ṣé ẹ tiẹ̀ nílò ẹ̀?

Omi ò lè mú kọ̀ǹpútà tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá tó wà lọ. Tí yàrá yín bá wà ní 32 dígírì, omi inú ẹ̀ máa ju 32 lọ, kò sí àdúrà tó lè yí ìyẹn padà. Ohun tí omi ń ṣe ò ju pé pọ́ńpù ń tì í láti táńkì kékeré kan gba inú họ́ọ̀sì, ó sì ń gbé ooru kúrò lára CPU lọ sí ibi tí rédíétọ̀ wà, kí fáànù ńlá tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ wá fẹ́ ẹ dànù. Ooru yẹn ṣì máa dà sínú yàrá yín náà ni. Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá tóun bá ṣe é òun ò ní nílò AC mọ́, mo ní bọ̀dá, òdìkejì ẹ̀ ni.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ CPU Ryzen 5 5600 lẹ ní, tí gbogbo ohun tó ń jẹ ò ju nǹkan bíi 76 wáàtì lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra air cooler tó dáa, èyí tó ń fi fáànù nìkan mú CPU tutù, irú bíi Peerless Assassin 120 ti Thermalright tí kì í sábà ju bíi 40 dọ́là lọ, kẹ́ ẹ fi owó tó kù ra epo. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀ tẹ́ ẹ bá ní CPU tó ń jẹ iná gan-an, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí yàrá dákẹ́ torí pé ẹ ń gba ohùn sílẹ̀, tàbí tó bá kàn wù yín. Ó wù mí, èmi ò ní parọ́.

Ẹ ṣírò iná

Ẹ wá iye wáàtì tí CPU yín lè jẹ tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, kì í ṣe iye kékeré tí wọ́n kọ sára páálí. Ryzen 7 5800X, 105 ni wọ́n kọ sí i, ó lè fa tó 142. Intel i7-12700K lè fa 190. i9-14900K lè fa 253, ìyẹn tí motherboard, bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo ẹ̀ jókòó lé, ò bá tú u sílẹ̀ kó máa jẹ bó ṣe wù ú. Tí káàdì tó ń gbé àwòrán jáde (GPU) náà bá máa wọnú omi, ẹ fi tiẹ̀ kún un: RTX 3060 jẹ́ 170, RTX 3070 jẹ́ 220, RTX 3080 jẹ́ 320.

Tèmi jẹ́ 12700K pẹ̀lú RTX 3070, ìyẹn 190 àti 220, gbogbo ẹ̀ 410 wáàtì. Ìṣirò tí àwọn tó ń ṣe é máa ń lò ni pé ojú fáànù kan tó jẹ́ 120mm lórí rédíétọ̀ lè gbé nǹkan bíi 100 wáàtì lọ láì pariwo. Rédíétọ̀ 240 ní ojú méjì, 360 ní mẹ́ta. Torí náà 410 wáàtì ń béèrè ojú mẹ́rin ó kéré tán, márùn-ún ló máa dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹni tó ń gbé ilẹ̀ òtútù lè fi mẹ́rin rẹ́rìn-ín, àwa tí yàrá wa ń bẹ̀rẹ̀ láti 32 lọ sókè ò ní àyè ìfàsẹ́yìn yẹn. Ẹ máa fojú sọ́nà pé omi á fi 10 sí 15 dígírì ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ, ìyẹn ni pé 42 sí 47 nínú yàrá tí ò ní AC. Kò burú. Ibi tó ti máa ń di wàhálà ni 60, torí pé 60 yẹn ni wọ́n fi òdiwọ̀n sí fún omi tó ń gba inú ọ̀pọ̀ pọ́ńpù D5 kọjá.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ju yìnyín sínú táńkì. Ẹ wo bí ìgò mínírà tútù ṣe máa ń làágùn l'Ékòó. Ohun tó ń ṣe ìgò yẹn ló máa ṣe motherboard yín.

CPU nìkan, àbí pẹ̀lú káàdì?

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀: ẹ fi CPU nìkan bẹ̀rẹ̀. Bílọ́ọ̀kù CPU máa bá yín dàgbà, tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ motherboard, ìdè tó fi dúró nìkan lẹ máa pààrọ̀, kódà láti AM4 lọ sí AM5, ìyẹn oríṣi ojú tí CPU AMD máa ń jókòó sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò nílò ìyẹn pàápàá. Ti káàdì ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bílọ́ọ̀kù káàdì, bọ́ọ̀dù kan pàtó ló máa ń bá mu. RTX 3070 méjì tí iléeṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe lè ní bọ́ọ̀dù tó yàtọ̀ síra, bílọ́ọ̀kù tó wọ ọ̀kan ò ní wọ ìkejì. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ta káàdì yẹn, bílọ́ọ̀kù di ohun tẹ́ ẹ fi ń tẹ bébà mọ́lẹ̀ kó má fò. Tó bá jẹ́ géèmù lẹ ń ṣe jù, mo mọ̀ pé káàdì ló ń gbóná jù, àmọ́ fáànù ara ẹ̀ ṣì lè gbé e dáadáa tí afẹ́fẹ́ bá ń wọ kéèsì. Ẹ kàn rí i pé rédíétọ̀ tẹ́ ẹ máa rà á gbà á tó bá yá. Tèmi, 360 ni mo rà sókè, mo sì fi àyè 240 sílẹ̀ níwájú.

Ẹ wọn kéèsì yín

Ibí ni téèpù télọ̀ ti wúlò. Rédíétọ̀ 360 kì í gùn ní 360mm, orí àti ìdí ẹ̀ tí omi ń yí sí máa gbé e dé nǹkan bíi 395 sí 400. Nínípọn, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń sún mọ́ 30mm, ẹ fi fáànù 25 kún un, ó di 55mm tó máa sọ̀ kalẹ̀ láti òkè kéèsì. Ẹ wá wọn ibi tí RAM yín, ìyẹn mẹ́mọ́rì tó nà ró lórí motherboard, ga dé. RAM oníná yẹriyẹri tó ga yẹn ti ba ọkàn èèyàn púpọ̀ jẹ́. Ẹ ya gbogbo ẹ̀ sórí bébà, ẹ kọ nọ́ńbà sí i, ẹ ya ibi tí ẹnu rédíétọ̀ máa kọjú sí, torí ẹnu yẹn náà nílò bíi 30mm kí fítìn àti họ́ọ̀sì tó lè tẹ̀.

Irin tó ń bá omi pàdé

Ẹ farabalẹ̀ ka ibí yìí, torí ibí ni mo ti san owó ilé ìwé. Bàbà, idẹ àti níkẹ́ẹ̀lì lè jọ gbé nínú omi kan náà. Alumíníọ́ọ̀mù ò lè bá wọn gbé. Tẹ́ ẹ bá kó bílọ́ọ̀kù bàbà àti rédíétọ̀ alumíníọ́ọ̀mù sójú omi kan, ẹ ti ṣe bátìrì láìmọ̀, bí bátìrì ṣe ń jẹ ara ẹ̀ ni alumíníọ́ọ̀mù náà á ṣe máa jẹ ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Rédíétọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà, ẹni tó tà á fún mi kọ ọ́ pé bàbà ni, owó ẹ̀ sì wọ́n-ọn-lẹ̀ gan-an, inú mi dùn. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ooru CPU bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà. Mo tú bílọ́ọ̀kù, mo rí nǹkan funfun kan tó rọ̀ bí ògì tó silẹ̀ sí ìdí ìkòkò, ó ti dí gbogbo ojú ọ̀nà omi inú ẹ̀, ojú ọ̀nà tí kò fẹ̀ tó mìlímítà kan tẹ́lẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì eyín ni mo fi fọ bílọ́ọ̀kù yẹn di òru. Rédíétọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn oní-kọ̀ndẹ́mù.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ gbé e, bàbà máa ń wúwo lọ́wọ́. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ha ọ̀dà kúrò ní kọ̀rọ̀ kan lára àwọn ewé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ẹ̀, tó bá pọ́n, bàbà ni, tó bá funfun bíi ṣíbí, ẹ dá a padà. Kí ẹ má wo ẹnu ẹ̀ nìkan o, wọ́n lè fi ẹnu idẹ sára alumíníọ́ọ̀mù. Máńgínẹ́ẹ̀tì ò ní ran yín lọ́wọ́, kò lè lẹ̀ mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá ń rà á látorí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é sí, tí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ kọjá. Bykski àti Barrow ní rédíétọ̀ bàbà tí owó ẹ̀ ò gani lára.

Pọ́ńpù àti táńkì

Pọ́ńpù lọkàn gbogbo ẹ̀, ẹ má ṣe ahun níbẹ̀. Méjì ló gbajúmọ̀: D5 tó tóbi, tó ń dákẹ́, tó sì máa ń pẹ́, àti DDC tó kéré, tó lágbára, àmọ́ tó máa ń gbóná díẹ̀. Ẹ ra èyí tí táńkì àti pọ́ńpù ti so pọ̀. Ó máa yọ fítìn méjì kúrò nínú owó yín, ó sì máa jẹ́ kí omi máa sọ̀ kalẹ̀ bá pọ́ńpù fúnra ẹ̀.

Mo ti rí ẹni tó fẹ́ lo pọ́ńpù àwọn tó ń sin ẹja nínú gíláàsì, èyí tí wọ́n ń kì bọ ògiri ní 220 fóòtì. Owó ẹ̀ kéré lóòótọ́. Ẹ ronú báyìí: iná lọ, inverter gbé kọ̀ǹpútà, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí pọ́ńpù wà kò sí lórí inverter. Kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́, omi dúró. Pọ́ńpù 12 fóòtì tó ń gba iná látinú power pack kọ̀ǹpútà, wọ́n jọ ń kú wọ́n jọ ń jí ni. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sọ bí pọ́ńpù ṣe ń sáré, ẹ kì í bọ ibi tí wọ́n kọ CPU_FAN sí lórí motherboard, kó lè jẹ́ pé tí pọ́ńpù bá kọ̀ láti yí, kọ̀ǹpútà á pariwo nígbà tẹ́ ẹ bá tàn án.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń da ara wọn láàmú lórí pé èwo ni kí omi kọ́kọ́ dé, ṣé rédíétọ̀ ni àbí bílọ́ọ̀kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tí omi lítà kan bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan, ó máa gba nǹkan bíi 70 wáàtì kó tó fi dígírì kan gbóná sí i. Tí pọ́ńpù yín bá ń gbé lítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 210 wáàtì fún dígírì kan ṣoṣo. Gbogbo 410 wáàtì mi ò lè fi omi gbóná ju dígírì méjì lọ láti ibi tó gbóná jù dé ibi tó tutù jù. Torí náà ẹ gba ọ̀nà tó kúrú jù, èyí tí họ́ọ̀sì ò ti ní kọ́ ara wọn lọ́rùn. Òfin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé táńkì gbọ́dọ̀ wà ṣáájú pọ́ńpù, kó sì ga jù ú lọ.

Họ́ọ̀sì, àti kíka fítìn

Họ́ọ̀sì líle tó ń dán bíi gíláàsì tẹ́ ẹ ń rí nínú fọ́tò, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ó ń gba fítìn púpọ̀, ó ń béèrè iná títẹ̀, ẹ máa ba mítà méjì jẹ́ kẹ́ ẹ tó tẹ ọ̀kan dáadáa. Họ́ọ̀sì rírọ̀ ni kẹ́ ẹ lò, 10/16mm (10 nínú, 16 lẹ́yìn) dáa ju 10/13 lọ torí pé ara ẹ̀ nípọn, kì í tètè pa ara ẹ̀ pọ̀ tó bá tẹ̀. Ẹ rántí pé fítìn 10/13 ò gba họ́ọ̀sì 10/16 láé. Èyí tó mọ́ gaara máa ń tú epo ara ẹ̀ sínú omi tó bá pẹ́, táńkì á wá ṣú. Èyí dúdú tó jẹ́ EPDM kì í ṣe bẹ́ẹ̀, irú róbà tó ń gbé omi gbígbóná nínú mọ́tò náà ni, ẹ lè rí i ní Ládípọ̀ tẹ́ ẹ bá mọ ìwọ̀n tẹ́ ẹ ń wá.

Ó wá kan kíkà. Gbogbo nǹkan tí omi ń wọ̀ ló ní ẹnu méjì, ẹnu kọ̀ọ̀kan ń gba fítìn kan. CPU, rédíétọ̀, táńkì-pọ́ńpù: mẹ́ta lọ́nà méjì, mẹ́fà. Ẹ fi elbow 90 méjì, ìyẹn fítìn tó tẹ̀ bí ìgúnpá, kún un fún ibi tó há. Ẹ wá fi ọ̀nà tí omi máa gbà jáde kún un, èyí tí àwa tá a kọ́kọ́ ṣe é máa ń gbàgbé: fítìn T kan, táàpù kékeré kan, ìdérí méjì, àti fítìn tó máa so wọ́n mọ́ra, èyí tí tírẹ́ẹ̀dì wà ní orí àti ìdí ẹ̀. T yẹn sì gé họ́ọ̀sì sí méjì, torí náà fítìn họ́ọ̀sì méjì míì tún ti wọlé, ó ti di mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ra méjì lé. Ìgbà àkọ́kọ́ mi, mẹ́fà géérégé ni mo rà. Ọ̀kan wá pẹ̀lú tírẹ́ẹ̀dì tó ti jẹ, mo fi ọjọ́ 19 wo kọ̀ǹpútà mi bí ẹni ń wo aláìsàn.

Ẹni tí owó ẹ̀ há gan-an lè lo fítìn onígún, èyí tí wọ́n ń ti họ́ọ̀sì bọ̀ kí wọ́n tó fi kílíìpù irin dè é. Kílíìpù pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oní-spare parts. Tírẹ́ẹ̀dì tí kọ̀ǹpútà ń lò ni G1/4, èyí sì bá BSP ìdámẹ́rin ínǹṣì ti àwọn oní-kọ́ńpírẹ́sọ̀ àti plọ́mbà mu, tó bá jẹ́ èyí tó tọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìṣọ́ra méjì: èyí tó ń ṣónú bọ̀ bíi kọ́ónù máa la táńkì akiríìkì sí méjì bẹ́ ẹ ṣe ń fún un, NPT ti Amẹ́ríkà náà sì jọ ọ́ lójú àmọ́ eyín tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀ jẹ́ 18 nínú ínǹṣì kan nígbà tí G1/4 jẹ́ 19. Idẹ ni kẹ́ ẹ rà. Ọwọ́ lásán lẹ máa fi fún un, róbà O-ring ló ń dá omi dúró, kì í ṣe agbára yín, ẹ má sì jẹ́ kí plọ́mbà kankan fi téèpù funfun wé e fún yín.

Omi wo?

Píọ̀ wọ́tà ò píọ̀. Ó dáa fún mímu, àmọ́ iyọ̀ ilẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀, omi kànga-ẹ̀rọ tiwa l'Ékòó tún burú jù ú lọ, àwọn tí báàfù wọn ti di aláwọ̀ búráùn mọ ohun tí mò ń sọ. Distilled water tàbí deionised lẹ nílò, ibi tó sì ti rọrùn jù láti rí i ni ọ̀dọ̀ àwọn oní-bátìrì àti iléepo, torí òun ni wọ́n ń bu sínú bátìrì mọ́tò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dúró níbí ná. Oní-bátìrì ń ta oríṣi méjì, wọ́n sì lè wà nínú kẹ́ẹ̀gì tó jọra: omi bátìrì àti ásíìdì bátìrì. Ọmọ kan tí ọ̀gá ẹ̀ ò sí nílé bu ásíìdì fún mi ní Yábàá, ó ní "ọ̀gá, bátìrì wọ́tà náà ni." Kì í ṣe pé mo gbọ́n, nígbà tí mo ṣí i délé ni mo kàn rí i pé ibi tó kán sí lára aṣọ mi ti ń jẹ. Ẹ ra èyí tí wọ́n dì, tí ìdérí ẹ̀ ò tíì já, tí àkọlé wà lára ẹ̀. Ìwé kékeré tí wọ́n fi ń wo ásíìdì nínú omi, ẹ lè rí i lọ́wọ́ àwọn oní-kẹ́míkà ní Òjòta, ẹ tì í bọ omi yẹn kẹ́ ẹ tó dà á. Tí àwọ̀ ẹ̀ bá sáré di pupa, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn padà fún olówó ẹ̀.

Omi nìkan ò tó, ó gbọ́dọ̀ ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí irin jẹ àti èyí tí kò ní jẹ́ kí ewéko hù nínú ẹ̀, torí ooru ibí dùn mọ́ ewéko gan-an. Èyí tí wọ́n ń tà ní ìgò kékeré, tẹ́ ẹ máa pò mọ́ distilled water, ló dínwó jù nínú ọkọ̀ òfuurufú torí ẹ ò ní sanwó omi lásán ní kílò. Ẹ yẹra fún aláwọ̀ kíki bíi mílíìkì tó ń dán yẹn, ó máa ń silẹ̀ sínú bílọ́ọ̀kù. Oníglycol, yálà ti kọ̀ǹpútà ni o àbí ti mọ́tò, ẹ gbé e jìnnà sọ́mọdé, ethylene glycol májèlé ni, adùn ẹ̀ sì máa ń tan ọmọdé àti ẹran jẹ. Omi tó máa wà nínú kọ̀ǹpútà kì í sábà ju lítà kan lọ, àmọ́ ẹ ra bíi lítà márùn-ún torí fífọ.

Owó

Ní dọ́là, kí náírà má baà sọ mí di òpùrọ́ lọ́la: bílọ́ọ̀kù CPU tí kì í ṣe olórúkọ ńlá, nǹkan bíi 25 sí 50. Rédíétọ̀ 360 bàbà, 40 sí 60. D5 tòun ti táńkì, 60 sí 90. Fítìn bíi 3 sí 4 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi mẹ́wàá ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń jẹ owó bí ìkán. Fáànù mẹ́ta, ẹ má ra èyí tí ò lórúkọ, ARCTIC P12 dín owó, ó sì ń ti afẹ́fẹ́ gba inú rédíétọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣírò owó ẹrù: rédíétọ̀ bàbà wúwo, àwọn tó ń bá wa kó ẹrù wálé sì máa ń wọn ìwọ̀n páálí pẹ̀lú. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú ẹrù kan. Tòkunbọ̀ dáa fún rédíétọ̀ àti bílọ́ọ̀kù, mi ò ní ra pọ́ńpù tòkunbọ̀ tí wọn ò tan níṣojú mi.

Ẹ má tíì tú cooler àtijọ́ yín kúrò títí ẹ fi máa to gbogbo nǹkan sórí tábìlì tẹ́ ẹ sì fi bírò máàkì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Títò ẹ̀

Rédíétọ̀ tuntun dọ̀tí nínú, ìdọ̀tí jíjó irin ló wà níbẹ̀. Ẹ da distilled water tó gbóná sí i dé ìdajì, ẹ dí ẹnu ẹ̀, ẹ mì í bí ẹni ń mi ìgò oògùn, ẹ dà á nù sínú abọ́ funfun, ẹ tún un ṣe títí tí omi á fi mọ́. Ẹ má fi spirit nu táńkì akiríìkì, ó máa sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọṣẹ díẹ̀ àti omi ti tó.

Tẹ́ ẹ bá ti so gbogbo ẹ̀ tán, ẹ yọ gbogbo okùn iná kúrò lára motherboard àti káàdì, pọ́ńpù nìkan ni kó kù. Kí power pack lè tàn láìsí motherboard, ẹ fi wáyà kékeré so ihò wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ dúdú kan nínú ẹnu oníhò 24 yẹn, kẹ́ ẹ so ó nígbà tí iná ṣì wà ní pípa, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tàn án lẹ́yìn. Ẹ kún táńkì, ẹ tàn án, tí omi bá ti fẹ́ tán nínú táńkì ẹ pa á, ẹ tún un kún. Pọ́ńpù ò gbọ́dọ̀ yí lórí òùngbẹ, omi ló fi ń ṣe epo. Tó bá ti kún, ẹ máa yẹ kéèsì sọ́tùn-ún sósì kí afẹ́fẹ́ tó há lè jáde, ó máa ń hó bí ìkòkò fún ìgbà díẹ̀.

Tíṣù funfun sábẹ́ gbogbo fítìn, kẹ́ ẹ fi pọ́ńpù sílẹ̀ kó máa yí fún wákàtí 24. Ìwọ̀nba 20 wáàtì ló ń jẹ, inverter kékeré gbé e, tí iná bá lọ láàárín ẹ̀ ẹ kàn máa bá a lọ tó bá dé. Àwọn tó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ní gééjì lè kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ wò ó kí omi tó wọ̀ ọ́, nǹkan bíi 0.5 bar, kẹ́ ẹ wò ó bóyá gééjì á sọ̀ láàárín ìdajì wákàtí. Pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ ni mò ń sọ o. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà.

Tèmi, 95 yẹn sọ̀ sí 74 lórí iṣẹ́ kan náà nínú yàrá kan náà, fáànù ò sì yí ju ìgbà 900 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀ pọ̀ débi pé mo ti wá mọ ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nílò sáfíìsì.

Lẹ́yìn ìyẹn

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ omi máa sọ̀ díẹ̀, afẹ́fẹ́ tó há ló ń jáde, ẹ fi kún un. Tó bá ń sọ̀ lẹ́yìn oṣù kan, ẹ wá ibi tó ń jò. Ọyẹ́ ni ọ̀tá rédíétọ̀ l'Ékòó: láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kíkùn rírọ̀ gbá ojú ẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹ di fáànù mú kó má yí tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ eruku dànù. Àwọn tó ń gbé etí òkun níhà Lẹ́kí, ẹ tún wo orí àwọn ìdè irin, afẹ́fẹ́ iyọ̀ ń jẹ wọ́n. Ẹ pààrọ̀ omi lọ́dún kan, ìgbà yẹn lẹ máa dúpẹ́ pé ẹ ra T àti táàpù.

Fítìn tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má tà á, ẹ má fún ẹnì kankan. Tèmi wà nínú agolo Mílò lókè kọ́bọ́ọ̀dù, mo ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ẹ̀ kí ìyàwó mi má baà dà á nù fi ṣe agolo iyọ̀.